Ẹsẹ̀ Adìẹ Létí Aṣọ Sàmúráì

Ìdí òfì,
Ìsẹ́yìn.

Kúdíràtù ọmọ mi, Àṣàkẹ́, ọmọ olófì,

Àsàlámù àlékúmù. Bí ìwé yìí bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, wá ibì kan jókòó sí kí o tó kà á, nítorí ó gùn. Èmi baba rẹ ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́. Mo mọ̀ pé wàá máa sọ nínú ara rẹ pé kí ló dé tí Baba kò kàn pe òun lórí fóònù. Fóònù wo? Bí mo bá gbé e sétí, kí n tó kí ọ tán, ìyá rẹ á ti na ọwọ́ sí i. Bí òun bá sì gbà á tán, ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ dùn ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì á ti já. Ọ̀rọ̀ tí mo ní lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ "ṣé dáadáa lo wà." Ìbéèrè tí o bi mí ni mo fẹ́ dáhùn.

O ní fíìmù yín ti parí. O ní ọ̀gá rẹ obìnrin, ìyá àgbàlagbà tó ń ṣe àkóso aṣọ eré, fẹ́ kí o dúró ti òun ní Japan, kí o má ṣe akẹ́kọ̀ọ́ mọ́, kí iṣẹ́ náà di tìrẹ gan-an. O wá ní, "Baba, bí ẹ bá ní kí n máa bọ̀ nílé, màá máa bọ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Láti ọjọ́ tí o ti sọ ọ́, bí mo bá jókòó sídìí òfì, ọwọ́ ọ̀tún mi á ju òwú, ọwọ́ òsì á gbàgbé láti gbà á. Ìyá rẹ rí mi, ó ní ogbó ti dé. Mo ní ogbó kọ́, Kúdí ni.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí a ṣe wo fíìmù náà, kí o lè mọ ibi tí ìdáhùn mi ti ṣẹ̀ wá.

Ọmọ Alhaji tí o fi fíláàṣì tí fíìmù náà wà nínú rẹ̀ rán sí wa ṣe é bí ọmọlúàbí. Ọjọ́ tó wọ̀lú náà ló gbé e wá, ó sì bá wa fi sí ara tẹlifíṣọ̀n. Lẹ́yìn ìrun làásárì ni a kó ara wa jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí ìyá rẹ ti pe gbogbo adúgbò pé ọmọ òun ṣe fíìmù. Àwọn tí kò rí àyè jókòó dúró lójú fèrèsé. Baba Múfù ọ̀rẹ́ mi, tó máa ń kó iṣu bọ̀ láti Àgọ́-Àrẹ, pa iṣu rẹ̀ tì nítorí mo ti sọ fún un pé eré ogun ni. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń sáré kọjá nísàlẹ̀ àwòrán ni mò ń tú fún wọn. Kí n tó tú ọ̀kan tán, méjì mìíràn ti sá lọ. Níbi tí ojú mi kò bá ti bá a, mo fi tèmi dí i, kò sì sí ẹni tó mọ̀.

Ìtàn náà kò le. Jagunjagun kan ni, irú àwọn tí wọ́n ń pè ní sàmúráì láyé àtijọ́ ilẹ̀ Japan, àwọn tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti la ẹnu sọ ọ̀rọ̀, ikú nìkan ló lè yẹ̀ ẹ́. Olúwa tó ń sìn, ìyẹn ìjòyè tó ń jagun fún, ti kú. Ó ti fi idà rẹ̀ há inú koríko òrùlé, ó ń ro oko ìrẹsì, òun àti ìyá rẹ̀ arúgbó. Ni ìránṣẹ́ bá dé pé àwọn ọ̀tá ti ká ọmọ olúwa rẹ̀ mọ́ orí òkè, kò sì sí ẹlòmíràn tó ṣẹ́kù tó lè gbà á sílẹ̀. Ọkùnrin náà wo ìyá rẹ̀. Ìyá náà wo òrùlé. Ó fa idà náà yọ, ó gbé aṣọ rẹ̀ àtijọ́ wọ̀, ó lọ.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó rìn nínú oòrùn, ó rìn nínú òjò. Baba Múfù ní ìgbà wo ni yóò jà. Mo ní kó ní sùúrù. Ó tún rìn gba inú igbó kan kọjá, ó jókòó, ó jẹ ìrẹsì tutù, ó dìde. Nígbà tó yọ idà nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín, ìjà náà kò ju ìgbà tí ènìyàn fi ń sín lọ. Àwọn tí yóò ṣubú ṣubú, ó nu idà, ó dá a padà sínú àkọ̀. Baba Múfù bi mí bóyá nítorí ìyẹn ni òun ṣe fi iṣu òun sílẹ̀ fún ewúrẹ́. Ojú mi kò sí lára idà. Ìṣẹ́tí aṣọ ọkùnrin náà ni mò ń wò láti ìgbà tó ti jáde nílé.

Ṣé o rántí ọjọ́ tí o pè wá tí o ń sunkún, tí o ní wọ́n á lé ọ? Mo bi ọ́ léèrè kí lo ṣe, o ní aṣọ lo rán. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Ọmọ olófì ránṣọ, wọ́n fẹ́ lé e! O wá ṣàlàyé fún mi pé wọn kì í ya fíìmù láti orí dé ìdí, pé ìgbẹ̀yìn lè ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀, àti pé bí aṣọ òṣèré bá ṣe rí lánàá ni ó gbọ́dọ̀ rí lónìí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó ń wo eré á rí i pé irọ́ ni. Aṣọ sàmúráì náà ti ya létí. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ya á ni. Wọ́n ti ya àwòrán rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà, iṣẹ́ kò tíì tán. Ìwọ wọlé láti palẹ̀ aṣọ mọ́, o rí yíya, o mú abẹ́rẹ́, o rán an mọ́nránmọ́nrán. O ní o kò tilẹ̀ mọ̀ pé o ń rán an. Báwo lo ṣe máa mọ̀? Abẹ́ ìyá mi lo dàgbà sí. Nínú ilé yìí, aṣọ tó ya kì í sùn mọ́jú.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, òṣèré gbé aṣọ wọ̀, gbogbo ènìyàn sì dúró. Ẹṣin dúró. Àwọn tó ń fi páìpù rọ òjò pa omi. O ní olùdarí eré kò pariwo, pé ìyẹn gan-an ló bà ọ́ lẹ́rù jù. Ọ̀gá rẹ ti gbé ohun tí yóò fi tú òwú náà dání nígbà tí olùdarí ní kó dúró ná. Ó tẹ̀ ba, ó wo ìránṣọ náà, ó bi ọ́ pé ta ló ní kí o rán an. Ìwọ dá a lóhùn bí ìyá mi ṣe máa ń sọ ọ́ fún ọ:

"Ẹni tó wọ aṣọ yíya sọ̀nà, àwọn ará ọ̀nà á rò pé kò ní ẹnì kankan nílé."

O ní ọkùnrin náà lọ jókòó sórí àpótí, ó sì ní kí gbogbo yín lọ jẹun. Ìgbà tí ẹ padà dé, ó ti yí eré náà. Ó ní sàmúráì kò ní fi aṣọ yíya jáde nílé mọ́. Ìyá rẹ̀ yóò rán an fún un kó tó lọ. Ẹ tún gbogbo ohun tí ẹ ti yà lójú ọ̀nà yà, àwọn kan sì bínú sí ọ fún ọjọ́ púpọ̀. Ìwọ lo kọ́ obìnrin arúgbó tó ṣe ìyá náà bí yóò ṣe rán an, títí dé ìdí rẹ̀, títí dé ìlà kéékèèké mẹ́ta tó ya síra bí ẹsẹ̀ adìẹ, tí ìyá mi fi máa ń parí gbogbo ohun tó bá rán.

Kúdí, o ti sọ gbogbo èyí fún mi lórí fóònù, mo sì ti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n o kò sọ pé wọ́n á sún kámẹ́rà mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀. A wà níbẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọwọ́ obìnrin Japan kan kún ojú tẹlifíṣọ̀n, abẹ́rẹ́ ń wọlé, abẹ́rẹ́ ń jáde. Ó fa ìlà kan, ó fa èkejì, ó fa ẹ̀kẹta, ó fi eyín gé òwú. Ìyá rẹ ní, "Ọwọ́ Ìyá nìyẹn." Kò pariwo. Àwọn tó mọ ìyá mi láàárín àwọn ará adúgbò sì ní hẹ̀n, ọwọ́ Ìyá Oníkíjìpá ni. Mo dìde bí ẹni tó fẹ́ lọ mu omi. Ojú ń ro mí.

O ò sí nílé nígbà tí ìyá mi kú. A kò lè dá òkú dúró dè ọ́, o mọ bí ẹ̀sìn wa ti rí. Kí o tó gbọ́, a ti sin ín. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti ń wá ọ̀nà tí màá fi sọ fún ọ pé má jẹ́ kó máa dùn ọ́ mọ́, n kò rí i. Ohun tí mo rí nínú fíìmù yẹn ni mo fi ń sọ ọ́ báyìí. O ti sin ín ní ọ̀nà tìrẹ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ìmọ̀ràn, kí ìwé má dà bí òwú tó tú.

Èkíní, ẹnu rẹ. Nígbà tí èmi wà ní ọ̀dọ́, baba mi rán mi lọ sí Ṣakí lọ́dọ̀ olófì kan kí n lọ fojú mọ iṣẹ́ ìta. Ọjọ́ tí mo dé ni mo ti ń sọ fún ọ̀gá pé ní Ìsẹ́yìn, báyìí kọ́ la ń ṣe é. Ọ̀gá náà kò bá mi jà. Ó kàn ní kí n máa ká òwú. Mo ká òwú títí ọyẹ́ fi dé, n kò fi ìdí kan ẹnu òfì. Ìgbà tí mo dákẹ́ ni mo tó rí i pé wọ́n ní ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà so òwú tó bá já, tí a kò mọ̀ nílé. Àlejò lójú, kò fi ríran. Bí o bá gba iṣẹ́ yẹn, máa wò, máa bi léèrè, kí o sì jẹ́ kí Ìsẹ́yìn rẹ hàn lọ́wọ́, kì í ṣe lẹ́nu.

Èkejì, ìkíni. Èyí tí o sọ fún wa nípa ọ̀gá rẹ ni ìyá rẹ fi ń pa gbogbo ènìyàn lẹ́rìn-ín níbí. Pé o kúnlẹ̀ kí i, ẹ̀rù bà á, òun náà tẹ̀ ba fún ọ, o rò pé kò tíì tó, o tún tẹ̀ sí i, òun náà tún lọ sílẹ̀ sí i, títí ẹ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orí kanra yín. Má ṣe jáwọ́ nínú rẹ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tó bá tẹ̀ ba fún ọmọ tí ọmọ rẹ̀ lè bí, ẹni tí ènìyàn lè fi ọmọ rẹ̀ síkàáwọ́ ni.

Ẹ̀kẹta. Mo bínú gan-an nígbà tí o ní iṣẹ́ yín ni láti mú aṣọ tuntun kí ẹ fi òkúta ha á, kí ẹ sá a, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹrẹ̀ títí yóò fi gbó. Èmi tí mò ń fi gbogbo ọjọ́ ayé mi wá aṣọ tí kò ní gbó! Ìgbà tí o wá sọ pé ọ̀gá rẹ kì í fọwọ́ kan aṣọ kó tó béèrè ọwọ́ tí ọkùnrin náà fi ń jẹun, èjìká tó fi ń gbé ẹrù, ibi tó máa ń kúnlẹ̀ sí, ni mo tó gbà. Ó ní aṣọ kì í kàn gbó káàkiri, ibi tí ayé bá ti kan ẹni tó wọ̀ ọ́ ló ti ń gbó. Mo ti wo ìyá rẹ pẹ̀lú ojú yẹn láti ọjọ́ náà. Orúnkún ìró rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ ṣá, níbi tó máa ń kúnlẹ̀ sí lórí ẹní tó bá ń ṣàdúà fún ọ. N kò ṣàkíyèsí i rí. Bí o bá wà pẹ̀lú ènìyàn, ì báà jẹ́ ọkọ tí Ọlọ́run máa fún ọ, wo ibi tí aṣọ rẹ̀ ti gbó kí o tó dá a lẹ́jọ́.

Ọ̀rọ̀ ọkọ tí mo dárúkọ yẹn, ìyá rẹ ló ní kí n dárúkọ rẹ̀. Mo ti dárúkọ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta tún ni àbí ẹ̀kẹrin ni mo dé? Ìlú tí ẹ kọ́ fún eré náà. O ní ilé wà níbẹ̀ rẹrẹ, òrùlé koríko, ilẹ̀kùn, gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá yí sẹ́yìn, pákó tí wọ́n fi ti ògiri ró nìkan ló wà níbẹ̀. Yìnyín tó bọ́ sí sàmúráì lórí, bébà tí wọ́n gé ni. Idà rẹ̀, igi tí wọ́n kùn. Kò burú, eré ni. Ṣùgbọ́n ìwọ, má ṣe gbé ìgbé ayé tó níwájú tí kò lẹ́yìn. Kírun rẹ lásìkò. Jẹ oúnjẹ tí iná rí. Ìyá rẹ kò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ tí o ti sọ̀rọ̀ ẹja tútù tí wọ́n ń jẹ láìsè níbẹ̀ yẹn. Ní ọ̀rẹ́ tí o lè sunkún lọ́dọ̀ rẹ̀ láìjẹ́ pé o pe Ìsẹ́yìn. Bí ó bá sì rẹ̀ ọ́, sọ pé ó rẹ̀ ọ́.

Nípa àṣìṣe tí o ṣe, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kọ́ ọ pé gbogbo àṣìṣe ló ń di ire. Àṣìṣe ò kan ọgbọ́n, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló máa ń tún un ṣe. Àwọn tó tún òjò rọ nítorí rẹ, ṣé o ti dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn? Bí o kò bá tíì dúpẹ́, lọ ṣe é.

Ó ku ìdáhùn mi. Mo ti ń sá fún un láti òkè wá.

Àárò rẹ ń sọ mí, Kúdí. N kò ní fi òwe bò ó. O mọ òkúta tí mo fi ń di òpin òwú mọ́lẹ̀ lápá ọ̀hún àgbàlá. Bí mo bá ti ń hun aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni òkúta náà ń wọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ mi díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí o wà ní kékeré, orí rẹ̀ lo máa ń jókòó sí kí n lè fa ọ́ wá sọ́dọ̀ mi. Bí mo bá gbójú sókè báyìí, tí mo rí òkúta yẹn tó ń bọ̀ lóun nìkan, iṣẹ́ á sú mi. Ìwé àkọ́kọ́ tí mo kọ sí ọ, èyí tí n kò fi ránṣẹ́, kò ju pé "máa bọ̀ nílé" lọ. Mo fún ìyá rẹ kó gbọ́ ọ. Ó ní kí n fà á ya. Ó ní ṣé èmi ni mo fẹ́ dá idà padà sínú koríko òrùlé ni.

Nítorí náà, gba iṣẹ́ náà. Mo fọwọ́ sí i, ìyá rẹ fọwọ́ sí i. Àdúà wa ń bẹ lẹ́yìn rẹ. Rán aṣọ wọn, jẹ́ kí ọ̀gá rẹ kọ́ ọ ní gbogbo ohun tó mọ̀, jẹ́ kí ẹsẹ̀ adìẹ ìyá mi máa rìn kiri ilẹ̀ Japan. N kò ní bínú bí ó bá pẹ́.

Ṣùgbọ́n àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ohun kan ni mo bẹ̀ ọ́: kí o tó bẹ̀rẹ̀ fíìmù mìíràn, kọ́kọ́ yà sílé. Kì í ṣe nítorí mi. Fíìmù yín ló dá wàhálà sílẹ̀.

O mọ ibi tó parí sí. Ọkùnrin náà ti gba ọmọ olúwa rẹ̀ sílẹ̀, ó kọjú sọ́nà ilé, yìnyín ń bọ́. A rí iná kékeré kan lọ́ọ̀ọ́kán. A rí ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀, ìránṣọ ìyá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, kò tú. Ó ń rìn, ó ń rìn, ojú tẹlifíṣọ̀n sì ṣú. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Baba Múfù ní ọkùnrin náà kò dé ibì kankan, pé ó ti fara gbọgbẹ́. Àwọn kan ní irọ́ ni, ó dé. Gbogbo wọn tú ká, wọ́n ń jiyàn náà lọ sílé. Ìyá rẹ nìkan ló kù lórí àga, ó ń wo ojú tẹlifíṣọ̀n tó ti kú.

Ó ní, "Baba Kúdí, ṣé ó délé?"

Mo ní fíìmù ti parí.

Ó ní, "Mo mọ̀ pé ó ti parí. Mo ní ṣé ó délé?"

Láti ọjọ́ náà, bó bá ń gbálẹ̀, á dúró, á bi mí. Bí a bá jẹun tán, á bi mí. Mo ti ní ó dé, kò gbà, ó ní ojú mi kò tó o. Mo ti ní kí ó pè ọ́ kó bi ọ́, ó ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti fóònù. Èmi kò ní èsì tí mo lè fún un mọ́, Àṣàkẹ́. Wá fi ẹsẹ̀ ara rẹ dá a lóhùn.

Èmi ni baba rẹ,
tó ṣì ń fa òkúta náà bọ̀.